Tráfíkétà Honda 175 àtijọ́ ń tàn, kò ṣẹ́jú: ẹ̀yin ríwáyà, ẹ gbà mí o

Ọmọ_Òkè_Ajé, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ kúùrọ̀lẹ́ o gbogbo ilé, ẹ̀yin ọmọ Aláre. Mo gbé máṣíìnì bàbá wa jáde láti ẹ̀yìnkùlé, Honda CD175 ni, èyí táwọn àgbà ń pè ní wọn-sẹ́fíńtì-fáìfù. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti jí, mẹkáníìkì ti fọ kábúrétọ̀, púlọ́ọ̀gì tuntun ti wọlé, kò sí ẹjọ́ lórí ìyẹn mọ́. Iná ló ń dà mí láàmú. Bátìrì 6V ló ń lò. Tí mo bá ti tráfíkétà sọ́tùn-ún, iwájú á tàn, ẹ̀yìn á kàn máa pọ́n fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, kò ní ṣẹ́jú rárá. Tí mo bá tì í sósì, ohun kan náà. Èyí tó wá yà mí lẹ́nu jù ni pé tí mo bá tẹ bíréèkì láì tan tráfíkétà kankan, tráfíkétà ẹ̀yìn méjèèjì á ràn díẹ̀, iná ẹ̀yìn gan-an tó yẹ kó mọ́lẹ̀ á wá máa pọ́n fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́. Họ́ọ̀nù náà ń há. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ríwáyà kan, ó ní fláṣà, ìyẹn nǹkan tó ń mú tráfíkétà ṣẹ́jú, ló kú, mo ra tuntun, kò sí ìyàtọ̀, ló bá ní kí n jẹ́ kóun tú gbogbo wáyà látorí dé ìdí kóun fi tuntun sí i, owó tó sì pè, ẹ má jẹ̀ẹ́ n sọ ọ́ síbí. Ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn? Mo fẹ́ kó wà lójú títì kí Òjúde Ọba tó dé, àwọn Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ bàbá wa ti ní kí n gùn ún wá dandan.

Ríwáyà_Àgbà, Ìjẹ̀bú-Òde

Àbúrò, pẹ̀lẹ́ o. Má tú nǹkan kan. Fláṣà ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Tí bíréèkì bá ti ń tan tráfíkétà, ẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn, ìyẹn ọ̀nà tí iná ń gbà padà sí bátìrì, ló já, kò sí àlàyé méjì.

Iná tó bá jáde látinú pọ́sítíìfù bátìrì gbọ́dọ̀ padà sí nẹ́gẹ́tíìfù, ọ̀nà tó sì ń gbà padà ni bọ́dì máṣíìnì àti wáyà gíríìnì. Tí ọ̀nà yẹn bá dí, kò ní jókòó, á wá ibòmíì gbà, bí àwọn onímọ́tò ṣe máa ń já gba inú ìlú tí ẹ́kíspíréèsì bá dí ní Ṣàgámù. Iná bíréèkì tó yẹ kó gba gíríìnì padà, inú bọ́ọ̀bù tráfíkétà ẹ̀yìn ló gbà, ó tọ wáyà tráfíkétà lọ síwájú, ó gba inú bọ́ọ̀bù iwájú bọ́ sí bọ́dì níbẹ̀. Àwọn bọ́ọ̀bù tó wá tò tẹ̀lé ara wọn lójú ọ̀nà kan ló ń pín iná náà mọ́ra wọn lọ́wọ́, òun ló jẹ́ kí wọ́n máa ràn díẹ̀díẹ̀. Fláṣà náà ò sì ní rí iná tó tó láti ṣẹ́jú.

Wá wáyà gígùn kan, so ìdí kan mọ́ nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì, fi ìdí kejì kan irin tí bọ́ọ̀bù tráfíkétà ẹ̀yìn jókòó sí, kí ẹnì kan bá ọ ti tráfíkétà. Tó bá mọ́lẹ̀ kẹ̀ẹ̀, o ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Lẹ́yìn ìyẹn tú iná ẹ̀yìn kúrò lára mọ́gáàdì, tọ wáyà gíríìnì lọ títí o fi máa rí bóòtù tí wọ́n fi dè é. Mo ń fojú inú wò ó báyìí: ojú wáyà á ti dúdú, bóòtù á ti dógùn-ún, ọ̀dà á sì wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn tó ń kun máṣíìnì ló ń fa èyí jù, wọ́n á fọ́n ọ̀dà sí gbogbo ara irin, ibi tí ẹ́ẹ̀tì ń jókòó sí kò ní yọ sílẹ̀, ó á wá rẹwà, kò sì ní tàn. Fi sáńpépà fá ibẹ̀ títí irin á fi dán, fá ojú wáyà náà, fi wáṣà eléyín sí i kó lè bù ú ṣán, dè é le, ẹ̀yìn tó o bá ti dè é tán ni kó o tó fi gíríìsì tàbí fasilín bò ó lórí kí omi má padà wọ̀ ọ́.

Tíṣà_Fisíìsì, Àgọ́-Ìwòyè

Ẹ ṣeun ẹ̀gbọ́n. Tó bá ní mítà, kò ní láti máa méfò. Kó fi mítà sórí DC fóòtì, kó fi ọwọ́ dúdú kan nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì, kó fi ọwọ́ pupa kan irin ìdí bọ́ọ̀bù nígbà tí iná ń gba inú rẹ̀. Tí ẹ́ẹ̀tì bá dáa, ohun tí mítà máa kà á fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju òdo lọ. Tó bá ti ń ka ìdajì fóòtì sókè, ibẹ̀ niná ń ṣòfò sí.

Ìdí tí 6V fi ń nira ju 12V lọ nìyí. Bọ́ọ̀bù 18W lórí 6V ń fa ámpíà 3. Méjì ló ń tàn lẹ́ẹ̀kan, iwájú àti ẹ̀yìn, ó di ámpíà 6. Lórí 12V, bọ́ọ̀bù 21W méjì ò ju ámpíà mẹ́ta àtààbọ̀ lọ. Nítorí náà ojú wáyà tó dọ̀tí tí máṣíìnì 12V máa fara dà, 6V ò ní fara dà á. Tí fóòtì kan bá ṣòfò lójú ọ̀nà lórí 12V, ẹ lè má mọ̀. Lórí 6V, ìdá kan nínú mẹ́fà ló ti lọ yẹn, ojú gbogbo ayé ló máa rí i.

Fláṣà àtijọ́ yẹn ò ní ọpọlọ kankan nínú. Irin pẹlẹbẹ méjì tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ ni, ọ̀kan ń fẹ̀ ju èkejì lọ tó bá gbóná. Iná bọ́ọ̀bù ló ń mú un gbóná, á tẹ̀, á já iná, á tutù, á padà, á tún so ó pọ̀. Tíì-tà, tíì-tà tí ẹ ń gbọ́ yẹn nìyẹn. Tí iná tó ń gba inú rẹ̀ bá kéré, bóyá bọ́ọ̀bù kan ti jó tàbí ẹ́ẹ̀tì já, kò ní gbóná tó bó ṣe yẹ, iná á kàn dúró gbagidi tàbí kó máa ṣẹ́jú bó ṣe wù ú. Ìyẹn ni wọ́n ṣe máa ń fẹ̀sùn kan fláṣà tí ò ṣẹ̀. Bó ṣe yẹ kó ṣẹ́jú náà ni nǹkan bí ìgbà 60 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan.

Màmá_Pátì, Ṣàgámù

Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ ti sọ̀rọ̀ ẹ́ẹ̀tì, ó dáa, ẹ jẹ́ kí èmi tó ń tà á sọ tèmi. Ìdajì àwọn tó ń wá ra fláṣà lọ́wọ́ mi, tí mo bá bi wọ́n pé fóòtì mélòó, wọ́n á ní "èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá ní". Èwo ni èyíkéyìí? Nǹkan wà lára fláṣà, ẹ yí i wò: wọ́n á kọ 6V tàbí 12V, wọ́n á tún kọ wáàtì bọ́ọ̀bù tó bá a mu, bíi 18W×2 tàbí 10W×2 tàbí 21W×2. Tẹ́ ẹ bá mú èyí tí wọ́n ṣe fún 21W méjì tẹ́ ẹ wá fi bọ́ọ̀bù 10W sí i, kò ní ṣẹ́jú, ẹ ó sì padà wá bá mi jà pé ọjà mi kì í ṣe ojúlówó.

Bọ́ọ̀bù náà bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ara irin ìdí rẹ̀, wọ́n fín in síbẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ kéré, àwọn tójú wọn ò ríran dáadáa mọ́ kí wọ́n mú ọmọdé dání. Bọ́ọ̀bù 12V lórí bátìrì 6V á máa pọ́n, ẹ ó rò pé bátìrì ló kú. 6V lórí 12V, pàà, ó ti jó. Máṣíìnì tó ti gba ọwọ́ mẹ́ta mẹ́rin kọjá, oríṣiríṣi bọ́ọ̀bù lẹ máa bá nínú rẹ̀, èyí tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ tí èkíní jó ni wọ́n kàn fi sí i.

Ọmọ_Ìkẹ́nnẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin àgbà. Kí ló dé tí ò kàn fi LED sí i jàre? Èmi fi sí Honda CG125 mi, iná ò wú bátìrì lórí mọ́, ó mọ́lẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe ni pé ẹ ó yí fláṣà sí èyí tí wọ́n ń pè ní ẹlẹkitirọ́níìkì, torí LED kì í fa iná tó lè mú fláṣà àtijọ́ gbóná.

Àmọ́ ẹ gbọ́ o, tí bọ́ọ̀bù kékeré tó ń ṣẹ́jú níwájú yín bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo fún ọ̀tún àti òsì, LED á mú kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa ṣẹ́jú pa pọ̀. Ìdí ni pé bọ́ọ̀bù kékeré yẹn, àárín wáyà ọ̀tún àti wáyà òsì ni wọ́n so ó sí, tẹ́ ẹ bá lọ sọ́tùn-ún, iná á gba inú rẹ̀ bọ́ sí apá òsì kó tó rí ẹ́ẹ̀tì. Iná kékeré yẹn ò lè tan bọ́ọ̀bù gidi, ṣùgbọ́n ó tó LED tàn. Ohun tí mo ṣe ni mo ra dáyọ́òdù méjì, nǹkan kékeré tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo, 1N4007, kò wọ́n rárá, àwọn tó ń tún rédíò ṣe ní i. Mo so ìdí tí ò ní ìlà mọ́ wáyà ọ̀tún, èkejì mọ́ wáyà òsì, mo wá pa ìdí tó ní ìlà funfun pọ̀, mo so ó mọ́ ẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀bù kékeré, mo gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kejì lọ sí gíríìnì. Ó parí.

Ríwáyà_Àgbà, Ìjẹ̀bú-Òde

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, iṣẹ́ gidi lo ṣe, mo gbà fún ọ. Ṣùgbọ́n 12V ni tìẹ. LED 6V tó dáa ò pọ̀ lọ́jà wa, fláṣà 6V tó bá a mu tún wọ́n jù ú lọ, àti pé mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà, LED máa ń bo àṣìṣe mọ́lẹ̀ ni. Iná tó ń fà kéré, ẹ́ẹ̀tì tó ti jẹrà á gbé e, ẹ ó ní ó ti ṣe, bíréèkì àti họ́ọ̀nù á sì wà bí wọ́n ṣe wà. Kó kọ́kọ́ tún ọ̀nà ṣe. Lẹ́yìn náà kó fi ohun tó wù ú sí i.

Ẹni tó bá sì máa sọ pé kó yí i sí 12V, kó sọ gbogbo ẹ̀ fún un: bọ́ọ̀bù gbogbo, fláṣà, họ́ọ̀nù, kọ́ìlì tó ń ta púlọ́ọ̀gì, rẹ́tífáyà tó ń yí iná kọ́ìlì sí èyí tí bátìrì lè gbà, àti bóyá kọ́ìlì tó ń ṣáájì máa lè gbé e. Kì í ṣe bátìrì nìkan. Máṣíìnì bàbá ẹni, ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe wà.

A100_Òde_Rẹ́mọ

Ẹ má bínú, mo fẹ́ fi nǹkan kan kún un torí àwọn míì tó máa ka eléyìí tí kì í ṣe Honda ni tiwọn. Àwọ̀ wáyà ò papọ̀ o. Lórí Honda, gíríìnì ni ẹ́ẹ̀tì, dúdú ni iná tó jáde látorí kọ́kọ́rọ́, pupa ló ti bátìrì wá, aláwọ̀ eérú ló ti fláṣà lọ sí súwíìṣì, búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ lọ sọ́tùn-ún, ọ́réǹjì lọ sósì. Lórí Suzuki tèmi, dúdú tó ní ìlà funfun ni ẹ́ẹ̀tì, ọ́réǹjì sì ni iná orí kọ́kọ́rọ́, tráfíkétà ọ̀tún jẹ́ gíríìnì fẹ́ẹ́rẹ́, òsì jẹ́ dúdú. Yamaha, dúdú ni ẹ́ẹ̀tì, búráùn ni iná orí kọ́kọ́rọ́. Kawasaki, dúdú tó ní ìlà yẹ́lò ni ẹ́ẹ̀tì. Ẹ wá fojú inú wo ríwáyà tó mọ Honda nìkan tó gbé Suzuki, tó rí dúdú, tó ní iná kọ́kọ́rọ́ ni. Ẹ fi tẹ́sítà wò ó kẹ́ ẹ tó so ohunkóhun, ó tún wá lè jẹ́ pé ẹni tó ṣe é gbẹ̀yìn ti lo wáyà rédíò pupa fún gbogbo ẹ̀.

Tráfíkétà tó ń ṣe tó bá wù ú, tí ò ṣe tó bá wù ú, ẹ wo ọrùn áńdù. Ibẹ̀ ni gbogbo wáyà ń gbà kọjá, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá yí áńdù ló ń tẹ̀ ẹ́. Rọ́bà òde rẹ̀ á ṣì dáa, kò ní sí ọgbẹ́ kankan lójú, bàbà inú á ti gé. Bí mo ṣe rí tèmi ni pé mo tan tráfíkétà, mo wá ń yí áńdù díẹ̀díẹ̀ látọ̀tún sósì, bó ṣe dé àárín gbùngbùn ló kú, mo sún un díẹ̀, ó tàn. Mo di wáyà náà mú lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń fà á jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ọ̀kan ń nà bíi rọ́bà lásán, kò sí nǹkan tó ń dì í mú nínú mọ́. Mo gé ibẹ̀ kúrò, mo sì fi wáyà rírọ̀ tó ní bàbà tín-ín-rín púpọ̀ rọ́pò rẹ̀. Wáyà tí wọ́n fi ń fa iná sínú ilé, tó ní bàbà kan gbòòrò yẹn, ẹ má fi síbẹ̀ o, kò ní pẹ́ gé.

Ọmọ_Òkè_Ajé, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ ṣé gan-an ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, màmá, ẹ ṣé. Mo máa tú mọ́gáàdì lọ́la. Ìbéèrè kan: súwíìṣì tó wà lára áńdù le gan-an, tí mo bá tì í sósì ó máa ń padà fúnra rẹ̀. Ṣé kí n ra tuntun?

Ríwáyà_Àgbà, Ìjẹ̀bú-Òde

Má rà á, àwọn tó ń tà báyìí ò le bíi ti àkọ́kọ́. Tú u, ṣùgbọ́n tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀ kó o tó tú u, kó o sì ṣe é lórí tábìlì, torí bọ́ọ̀lù irin kékeré kan wà nínú ẹ̀ pẹ̀lú sípíríìnì tó tín-ín-rín, tó bá fò lọ sínú iyẹ̀pẹ̀, o ti di ẹni tó ń fi máágínẹ́ẹ̀tì wá nǹkan nílẹ̀. Ya fọ́tò rẹ̀ kó o tó yọ nǹkan kan. Wàá rí gíríìsì tó ti di ata gígún, aláwọ̀ búráùn, òun ló ń dí i lọ́wọ́. Fi epo bẹntiróòlù àti búrọ́ọ̀ṣì eyín fọ̀ ọ́, má ṣe é níbi tí iná wà. Àwọn bàbà pẹlẹbẹ tó ń fi ara kan ara wọn, má fi sáńpépà líle ha wọ́n, sáńpépà múlọ́múlọ́ tàbí ìrésà lásán ti tó, tó o bá ti ha á jù ojú rẹ̀ á tẹ́. Fi gíríìsì tuntun díẹ̀ síbi tí bọ́ọ̀lù ń gbà yí, má fi kún ojú bàbà.

Màmá_Pátì, Ṣàgámù

Àwa tá a wà ní Ṣàgámù, eruku sìmẹ́ńtì ló ń ṣe tiwa. Á wọnú súwíìṣì, òtútù á mú un, á di. Ẹ fi ike bò ó tẹ́ ẹ bá páàkì síta.

Ọmọ_Ìkẹ́nnẹ́

Ti ojú wáyà tí wọ́n fi ń kì bọ ara wọn yẹn ńkọ́, gbogbo tèmi ti dà gíríìnì. Ẹnì kan ní kí n fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́.

Tíṣà_Fisíìsì, Àgọ́-Ìwòyè

Ó ń ṣiṣẹ́, omi ọsàn jẹ́ ásíìdì, á jẹ ìdọ̀tí yẹn kúrò. Ohun tí wọn ò sọ fún ọ ni pé o gbọ́dọ̀ fi omi ṣàn án dáadáa lẹ́yìn ẹ̀, kó o sì jẹ́ kó gbẹ pátápátá nínú oòrùn kó o tó kì í bọra, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ásíìdì tó kù níbẹ̀ á máa jẹ bàbà náà lọ. Lẹ́yìn ìyẹn fi fasilín díẹ̀ bò ó.

Ríwáyà_Àgbà, Ìjẹ̀bú-Òde

Bẹ́ẹ̀ ni. Tó bá sì ti jẹrà kọjá fífọ̀, gé e, fi tuntun sí i. Àwọn kan fẹ́ràn kí wọ́n fi òjé jó o. Èmi ò kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n máṣíìnì ń gbọ̀n ní gbogbo ìgbà, ibi tí òjé parí sí á le gan-an, ibi tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ gẹ́lẹ́ ló máa ń gé. Tẹ́ ẹ bá máa jó o, ẹ dè é mọ́ nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó má máa mì. Èyí tí wọ́n fi pílíà gidi fún pa ti tó mi. Téépù dúdú lásán nìkan, ẹ má fọkàn tán an, ooru ẹ́ńjìnnì á yọ́ ọ, á di àtè, gbogbo eruku ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Igbó á wá lẹ̀ mọ́ ọn.

Triumph_Ìgbó, Ìjẹ̀bú-Igbó

Mo ti ń kà yín bọ̀ láti òkè. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi ìkìlọ̀ kan síbẹ̀ fún àwa tá a ní máṣíìnì òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì. Triumph àti BSA àtijọ́ tó ń lo ohun èlò iná Lucas, ilé iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì kan, pọ́sítíìfù ni ẹ́ẹ̀tì wọn. Ẹ gbọ́ mi o, pọ́sítíìfù. Wáyà pupa ló lọ sí bọ́dì. Ríwáyà tó bá rí pupa lára bọ́dì á rò pé ẹnì kan ti ṣe aburú, á yí bátìrì padà, rẹ́tífáyà á lọ. Dáyọ́òdù tí Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ sọ, lórí tiwa ẹ ó dojú rẹ̀ kọ òdìkejì, LED náà gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tó gba pọ́sítíìfù ẹ́ẹ̀tì, fláṣà ẹlẹkitirọ́níìkì náà bẹ́ẹ̀. Fláṣà olóoru ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni ò bìkítà.

Ọ̀pọ̀ Triumph tó jáde ṣáájú 1971 ò tilẹ̀ ní tráfíkétà láti ibi tí wọ́n ti ṣe é. Ọwọ́ làwọn bàbá wa ń nà. Ẹni tó bá fẹ́ fi sí i báyìí, kó fa wáyà ẹ́ẹ̀tì lọ́tọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó má gbára lé pé ọ̀pá tráfíkétà ti kan irin. Kóróòmù ojú rẹ̀ á dógùn-ún, rọ́bà á wà lábẹ́ rẹ̀, ìyẹn ti parí.

Ẹ tún wo gíláàsì iná iwájú yín pẹ̀lú. Apá òsì là ń wa mọ́tò ní Nàìjíríà títí di ọjọ́ 2 oṣù kẹrin 1972. Máṣíìnì tó wọlé ṣáájú ìgbà yẹn, gíláàsì iná rẹ̀ ń da ìmọ́lẹ̀ sápá òsì tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ kalẹ̀, ojú ẹni tó ń bọ̀ níwájú yín ló sì wà níbẹ̀ báyìí. Ìyẹn náà wà lára ìdí tí wọ́n fi ń bú wa lálẹ́.

A100_Òde_Rẹ́mọ

Ha! Ìyẹn ò wá sí mi lọ́kàn rí. Mo ń ro ó pé torí iná mi mọ́lẹ̀ jù ni wọ́n ṣe ń bú mi.

Ọmọ_Òkè_Ajé, Ìjẹ̀bú-Òde

Mo dé o! Ọ̀rọ̀ ẹ́ẹ̀tì yẹn, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Mo tú iná ẹ̀yìn, wáyà gíríìnì wà lábẹ́ bóòtù lóòótọ́ ṣùgbọ́n ọ̀dà aláwọ̀ ewé dúdú ló wà láàárín òun àti irin, bí ẹ̀gbọ́n ṣe sọ, mo sì tún bá ilé agbọ́n nínú ìkòkò iná ẹ̀yìn. Mo fá a, mo dè é, mo tẹ bíréèkì: iná ẹ̀yìn mọ́lẹ̀ gidi, tráfíkétà ò ràn mọ́. Mo ti tráfíkétà sósì, ó ṣẹ́jú! Tíì-tà tíì-tà, ìyá mi gan-an jáde wá wò ó. Ṣùgbọ́n ọ̀tún ṣì ń tàn gbagidi, kò ṣẹ́jú. Iwájú ọ̀tún tún pọ́n díẹ̀ ju ti òsì lọ. Mo ti fi wáyà gígùn kan irin ìdí bọ́ọ̀bù rẹ̀, kò yí padà.

Màmá_Pátì, Ṣàgámù

Ọmọ mi, yọ bọ́ọ̀bù iwájú ọ̀tún, kí ló kọ sára ìdí rẹ̀?

Ọmọ_Òkè_Ajé, Ìjẹ̀bú-Òde

12V 10W, màmá.

Màmá_Pátì, Ṣàgámù

Kí ni mo sọ?

Tíṣà_Fisíìsì, Àgọ́-Ìwòyè

Lórí 6V, bọ́ọ̀bù yẹn ò lè fa ju díẹ̀ lọ, kò tó ámpíà kan, dípò 3. Fláṣà ò gbóná. Fi 6V 18W sí i, rí i dájú pé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rí bákan náà.

Ọmọ_Òkè_Ajé, Ìjẹ̀bú-Òde

Mo ti yí i, ọ̀tún ti ń ṣẹ́jú. Ẹ ṣé, ẹ ṣé, Ọlọ́run á bá yín tún tiyín ṣe. Ó kù díẹ̀: tí ẹ́ńjìnnì bá ń rọra sáré ní ìdúró, ó ń ṣẹ́jú lọ́ra, tí mo bá fa kóńdó, èyí tí wọ́n ń yí lọ́wọ́ kí ẹ́ńjìnnì lè sáré, á yára. Fíúùsì tó wà nínú ẹ̀ náà, sílífà sìgá ni wọ́n fi wé e.

Ríwáyà_Àgbà, Ìjẹ̀bú-Òde

Yọ sílífà yẹn lónìí, má dúró dọ̀la. Tí wáyà bá kan bọ́dì, fíúùsì gidi á gé, sílífà ò ní gé, wáyà ló máa jó, lábẹ́ táǹkì epo. Iye ámpíà tí wọ́n kọ sára ilé fíúùsì tàbí sínú ìwé máṣíìnì náà ni kó o rà, má ṣe fi èyí tó tóbi jù rọ́pò rẹ̀ torí pé kò ní jó.

Ti pé ó ń lọ́ra ní ìdúró, 6V àtijọ́ ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, kì í ṣe àìsàn, àmọ́ wo bátìrì bóyá ó ń gba ṣáájì. Pa ẹ́ńjìnnì, jẹ́ kó sinmi, mítà gbọ́dọ̀ ka nǹkan bíi 6.3 lórí bátìrì. Ta á, fa kóńdó sókè díẹ̀, ó gbọ́dọ̀ gòkè sún mọ́ 7. Tí kò bá gòkè rárá, rẹ́tífáyà tàbí kọ́ìlì ni ká wò. Tó bá gòkè kọjá 7 àtààbọ̀, bọ́ọ̀bù á máa jó lọ́wọ́ ẹ, omi bátìrì á máa gbẹ. Má sì gùn ún láìsí bátìrì láé, àwọn kan máa ń ṣe é, tráfíkétà ò ní ṣiṣẹ́, bọ́ọ̀bù á sì lọ níkọ̀ọ̀kan.

Họ́ọ̀nù, fọ ojú wáyà rẹ̀, kó o sì fọ bọ́tìnnì tó wà lára áńdù bó o ṣe fọ súwíìṣì. Sírúù kékeré kan wà lẹ́yìn họ́ọ̀nù náà, yí i ní ìdámẹ́rin ní ìdámẹ́rin bó o ṣe ń tẹ̀ ẹ́, títí ohùn rẹ̀ á fi là. Tó bá ṣì ń há, gbé e wá fún mi kí n wò ó, mi ò ní gba owó.

Triumph_Ìgbó, Ìjẹ̀bú-Igbó

Ẹ̀gbọ́n, ṣé èmi náà lè gbé tèmi wá? Lucas ni o.

Ríwáyà_Àgbà, Ìjẹ̀bú-Òde

Ìyẹn, a máa gba owó.

Màmá_Pátì, Ṣàgámù

Bọ́ọ̀bù 6V 18W tó kù lọ́wọ́ mi ò pọ̀ mọ́ o, ẹni tó bá máa lọ Òjúde Ọba kó tètè wá.